Ojú Ọba Tí Mùráínà Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Fọ̀ Dànù

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Mùráínà kò ju ọdún mẹ́rin lọ. Lọ́la ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un, kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé abẹ́ ọ̀bẹ dókítà. Ó jókòó sórí ibùsùn tó háyà ní Al Khan nílẹ̀ Lárúbáwá, ó pe ìyá Olúṣẹ̀san ní Ṣàgámù.

"Ọmọ mi tí kì í gbàgbé mi," ni ìyá wí. "Láti ìgbà tí Ṣẹ̀san ti kú, ìwọ lò ń pè mí. Ọlọ́run á dúró tì ẹ́."

"Ìyá, ẹ má ṣàdúrà fún mi mọ́. Èmi ni mo ba owó ọba yẹn jẹ́."

Òun àti Olúṣẹ̀san ló jọ ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù Lárúbáwá kan tó ń ta owó àtijọ́ ní àdúgbò Al Muraqqabat. Owó idẹ kan wà níbẹ̀, ti ayé àwọn ọba Róòmù: orí ọba tó dé adé ewé lójú kan, ẹyẹ idì lójú kejì, àwọ̀ ewé sì bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá ní oníbàárà ń bọ̀ wá wò ó, Mùráínà rò pé ìdọ̀tí ni. Ṣebí ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn ni ìyá tirẹ̀ fi ń fọ abọ́ idẹ bí ọdún bá ń sún mọ́lé. Ta ló rán an níṣẹ́? Ó fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Imú ọba lọ, ẹnu lọ, idì di adìyẹ. Àṣé àwọ̀ ewé yẹn gan-an, tó fi hàn pé owó náà ti pẹ́ láyé, ni oníbàárà ń wá bọ̀.

"Ọ̀gá kígbe 'Khalas!', pé ó ti bàjẹ́ pátápátá, ó ní, ' Who touch this one?' Ìyá, títí débẹ̀, àṣìṣe ni. Ìkà ló kù. Mo nawọ́ sí Ṣẹ̀san. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún wọn.' Mo gbójú sílẹ̀. Òórùn ọsàn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n cancel visa ẹ̀. Èmi náà ni mo bá a di ẹrù, mo sìn ín dé airport, mo tún dì mọ́ ọn. Ẹ dárí jì mí, nítorí Ọlọ́run."

Ìyá pe orúkọ ọmọ rẹ̀.

"Ọjọ́ tó wọlé dé, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. Ó ní, 'Ìyá, èmi kọ́.' Mo ní irọ́ ló ń pa. Títí tó fi kú, n kò gbà á gbọ́." Ó bú sẹ́kún. "Ìwọ rí mi bẹ̀, Mùráínà. Èmi ńkọ́? Ta ni kí n bẹ̀?"