Ẹ̀tù Tó Wà Nínú Má-tàsé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ki ìbọn yín. Ẹ gbé wọn sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ tẹnu mi. Alága ní kí n wá fi ọ̀rọ̀ ìṣírí díẹ̀ ṣí ìdíje yìí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jí dìde, pé nínú àwa tí a dá a sílẹ̀, èmi nìkan ló kù tó lè dúró sọ̀rọ̀ ní gbangba. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣírí kọ́ ni mo gbé wá. Ìjẹ́wọ́ ni. Òtítọ́ kan ti wà nínú mi láti ọdún tí a ti dá ìdíje yìí dúró, dókítà sì ti sọ fún mi pé ọkàn mi kò ní pẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Bí n kò bá sọ ọ́ lónìí, yóò bá mi wọ ilẹ̀, n kò sì fẹ́ kí àwa méjèèjì jọ wà nínú ibojì kan. Ẹ̀rù yín ń bà mí. Ẹ̀yin ọdẹ Ìmùṣin tí ẹ jókòó lápá ọ̀tún yẹn, ọmọ yín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìbọn sì wà nítòsí yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bẹ̀rù jù kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó jókòó sẹ́yìn lábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ìyá Ayọ̀fẹ́, má dìde o. Jókòó kí o gbọ́.

Gilbert ni orúkọ mi. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni wọ́n bí mi sí, ọmọ ìjọ sì ni mí láti inú ìyá mi wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ò mọ bí ìdíje yìí ṣe rí nígbà náà. Pápá Ìmùṣin la ti ń ṣe é. Ṣakabùlà nìkan ló ń wọ pápá, ìbọn tí bàbá àgbà ẹni fi sílẹ̀, tí a ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta. A máa ń rì pátákó kan mọ́lẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, a ó fi ẹfun ya ojú kan sí i, ẹni tí ọta rẹ̀ bá sún mọ́ àárín ojú náà jù ló borí. Sátidé la fi ń bẹ̀rẹ̀, bí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú la ó parí rẹ̀. Ìdílé tó bá borí á gbé ìwo ẹ̀tù àtijọ́ kan lọ sílé, á wà lọ́wọ́ wọn títí di ọdún mìíràn. Òfin kan sì wà tó ju gbogbo òfin lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn ẹni tó ń bá díje. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó lé e lójú gbogbo ayé, ìdílé rẹ̀ kò sì ní padà wá mọ́. Èmi gan-an ni mo máa ń ka òfin náà sókè.

Bọ̀wálé ará Ìmùṣin ló ń gbé ìwo náà lọ sílé lọ́dọọdún. Àgbẹ̀ ni, ọdẹ ni, ó sì lẹ́nu. Má-tàsé ló sọ ìbọn rẹ̀. Bí ó bá ti ta ọta tán, á yíjú sí mi, á ní, "Tíṣà, lọ máa ka ìwé rẹ. Ìbọn kì í gbọ́ gírámà." Gbogbo pápá á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rẹ́ ni wá. Ṣùgbọ́n orí eyín ni ẹ̀rín tèmi ń mọ. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé ìbọn yẹn ló mọ̀ ọ́n ta, kì í ṣe Bọ̀wálé, àti pé bí a bá gbé e lé mi lọ́wọ́, èmi náà á gbé ìwo lọ sílé. Ìlara ni. Ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ tó ń jẹ́.

Ní Sátidé ọdún tí mo ń wí yìí, Bọ̀wálé ló ṣáájú, èmi ni mo tẹ̀ lé e, ìyàtọ̀ àárín wa kò ju ìbú ìka lọ. Ilé rẹ̀ ni mo wọ̀ sí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó nu Má-tàsé, ó fi epo pa á, ó fi okùn rẹ̀ gbé e kọ́ sára ògiri, ó sì lọ kí Bàbá Fálolú, olórí àwọn ọdẹ. Ó ku èmi àti ìbọn. Mo ní kí n kàn gbé e, kí n mọ bó ṣe wúwo sí. Mo gbé e. Mo ní kí n kàn fi wo igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé. Mo gbé e dé ẹ̀yìnkùlé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lópin ọ̀sẹ̀ ìdíje, kò sẹ́ni tí ìró ìbọn ń yà lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni mo bu ẹ̀tù tèmi sí i, mo ki ọta lé e, mo gbé e lé èjìká, mo fà á. Ó dún "ká", ó dákẹ́. Mo tún un fà. Ó dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìbọn ti mọ ohun tí mo ń sọ. Ìbọn tí a kì tí kò dún, ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀; bí a bá tún ki òmíràn lé e, ìbọn lè bẹ́, àfi kí a fi irin oníkọ́ fa ohun inú rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Irin oníkọ́ mi wà nínú yàrá. Kí n tó yíjú padà, mo gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn.

Mọ́ṣádé, ìyàwó Bọ̀wálé ni, ó wá já ata. Ó ní, "Ha, Bọ̀ọ̀dá Tíṣà! Ìbọn Bàbá Ayọ̀fẹ́ kọ́ lẹ gbé lọ́wọ́ yẹn?" Mo ní mo kàn ń wò ó ni. Bí a ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni a gbọ́ ohùn Bọ̀wálé níwájú ilé, ó ń kí aládùúgbò. Mo ní, "Gba ẹ̀yìn wọlé kíá, kí o bá mi gbé e kọ́." Ó fà sẹ́yìn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ máà bínú, mi ò lè fọwọ́ kan ìbọn lónìí. Mò ń ṣe nǹkan oṣù." Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé èèwọ̀ ni nílé ọdẹ. Mo fi rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ tí o ti ṣèrìbọmi! Ìyẹn ti di ohun àtijọ́. Gbà." Mo sì ti ìbọn náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó gbé e wọlé bí ẹni gbé ejò. Kò mọ̀ pé ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, n kò sì sọ fún un. Mo ní n ó dọ́gbọ́n fà á jáde bó bá yá, ṣùgbọ́n abẹ́ ìbọn náà gan-an ni Bọ̀wálé jókòó sí, ó ń dá àpárá, a jọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ ìyàwó rẹ̀ nínú àwo kan náà. Abẹ́ rẹ̀ náà ló sùn sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Bọ̀wálé na ọwọ́ sí ìbọn, ó sì dúró. Ó ní, "Okùn yìí kò yí síhìn-ín lánàá. Ta ló fọwọ́ kan Má-tàsé?" Mọ́ṣádé wo ojú mi. Mo ní, "Ta ni yóò fọwọ́ kàn án nínú ilé ara rẹ, Bọ̀wálé? Atẹ́gùn ni." Ó ní, "Atẹ́gùn náà kò gbọdọ̀ dán an wò." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e kọ́ èjìká. Bí mo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìtìjú ni ì bá jẹ́, kì bá tí jẹ́ òkú. Ṣùgbọ́n mo ro ti òfin tí mo fi ẹnu ara mi kà. Mo ro ti ìjọ, mo ro ti àwọn ọmọ tí mo kọ́. Mo sì tún ro nǹkan kan, ẹ gbọ́ o, mo rò pé bóyá ìbọn náà á kọ̀ fún òun náà lójú gbogbo ayé, kí ìwo ẹ̀tù sì di tèmi.

Nígbà tí wọ́n pè é ní pápá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí. Mo rí i tó ń da ẹ̀tù lé ẹ̀tù. Ìbọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ nù ni, ilé ara rẹ̀ ló ti gbé e wá, kí ni ì bá tún yẹ̀ ẹ́ wò sí? Mo rí i tó ń fi ọ̀pá kì í. Mo pè é, mo ní, "Bọ̀wálé!" Ó yíjú. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀rù ti ń bà ọ́?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Rárá, mo ní kí o ṣe pẹ̀lẹ́ ni." Kí o ṣe pẹ̀lẹ́! Ohun tí èmi tíṣà rí sọ nìyẹn. Mo sì sún sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan kan kì í sún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wo ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ náà. Ìbọn náà dún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sì gbà bẹ́. Nígbà tí èéfín ká, Bọ̀wálé ti jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ di ọrùn mú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ojú mi ló ń wò. Kò dé ọsibítù.

Àwọn ará Ìmùṣin kò gbà pé ojú lásán ni. Bàbá Fálolú pe gbogbo ilé jọ. Kí a tó jókòó, mo fa Mọ́ṣádé sí kọ̀rọ̀. Omijé kò tíì gbẹ lójú rẹ̀. Mo ní, "Má dárúkọ mi o. Bí o bá ní èmi ni mo gbé ìbọn fún ọ, wọ́n á bi ọ́ pé kí ni èmi àti ìwọ ń ṣe lẹ́yìnkùlé nígbà tí ọkọ rẹ kò sí nílé." Ẹ rí i bí mo ti gbọ́n tó! Ó wò mí. Nígbà tí Bàbá Fálolú béèrè pé, "Ta ló fọwọ́ kan ìbọn olóògbé?" Mọ́ṣádé kúnlẹ̀. Ó ní, "Èmi ni, Bàbá. Mo sì ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́." Ariwo ta. Àbúrò Bọ̀wálé obìnrin ní, "O ti fi Ògún pa á! O ti pa á!" Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta kí wọ́n tó sin òkú. Èmi ni mo ka Bíbélì níbi ìsìnkú.

Ẹ rò pé mo ti sọ èyí tó burú jù. Ó kù. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni Mọ́ṣádé lọ ń gbé, nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo sì ń lọ wò ó. Àwọn ènìyàn ní mo lójú àánú. Àánú kọ́, ẹ̀rù ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan mo bá a nídìí ìdáná, ó ń fi ọwọ́ ya ẹ̀fọ́, ó ń fi eyín gé àlùbọ́sà. Mo bi í pé ọ̀bẹ dà? Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, èmi kì í mú irin mọ́. Irin ti mọ̀ mí. Èmi ni mo pa Bàbá Ayọ̀fẹ́." Ó di ẹsẹ̀ mi mú. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ Ọlọ́run, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ṣé ó lè dárí jì mí?" Ẹ̀yin ará, òtítọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní, "Ọlọ́run ti dárí jì ọ́, Mọ́ṣádé. Èmi náà ti dárí jì ọ́, nítorí ọ̀rẹ́ mi." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó fi ẹ̀fọ́ náà se ọbẹ̀ fún mi, mo sì jẹ ẹ́. Ẹ̀tù tí mo kì, ìlara ló fà á. Irọ́ tí mo pa, ìbẹ̀rù ló fà á. Ìdáríjì tí mo fún obìnrin yìí, n kò tíì rí orúkọ tí mo lè pè é.

Láti ìgbà náà, èmi tí mo fi èèwọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kò lè jókòó jẹ́ẹ́ nítòsí irin mọ́. Irùngbọ̀n tí ẹ rí lágbọ̀n mi yìí, tí ẹ torí rẹ̀ ń pè mí ní Wòlíì, kì í ṣe ti ìwà mímọ́. N kò lè jẹ́ kí abẹ sún mọ́ ọrùn mi ni. Kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà, àṣepamọ́ náà sì ti jẹ mí tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ayọ̀fẹ́ wá bá mi. Ó ní òun fẹ́ díje nípò bàbá òun, pé ẹ̀yin ìgbìmọ̀ kọ̀, ẹ ní ọmọ ẹni tó ba ìbọn jẹ́ kò gbọdọ̀ wọ pápá. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín. "Ẹ̀yin nìkan lẹ kò kọ̀ wá sílẹ̀ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, sà." Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, n kò sì lè na ọwọ́ gbé e dìde. Ojú bàbá rẹ̀ ló fi ń wò mí, ojú tó fi wò mí ní pápá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, Mọ́ṣádé kò ba ìbọn kankan jẹ́. Èmi ni mo ki ẹ̀tù sínú Má-tàsé, tí mo sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ Bọ̀wálé wọ pápá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ki ìbọn tí kò dún, ẹ pariwo, bí wọ́n á bá lé yín kí wọ́n lé yín. Ìtìjú kì í bẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́rùn. Ẹ̀yin ará Ìmùṣin, àwọn ọlọ́pàá tí ẹ rí lẹ́nu ọ̀nà yẹn, èmi ni mo ní kí wọ́n wá, n ó sì bá wọn lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ẹ foríjì mí bí ẹ bá lè.

Mọ́ṣádé, ìwọ ni n kò ní bẹ̀. Mo ti gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tèmi lọ́wọ́ rẹ, ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀bẹ ìdáná kan ni mo fi bébà wé sínú àpò mi láti ilé. Òun nìyí, mo gbé e lé orí tábìlì. Ìwọ ni mo rà á fún. Ọwọ́ rẹ mọ́, kò sígbà kan tí kò mọ́. Wá mú un, kí o lọ fi gé ẹ̀fọ́ rẹ. Ó ti dìde. Ayọ̀fẹ́, fi ìyá rẹ sílẹ̀. Ẹ yà fún un, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀. Jésù, ẹ̀rù ń bà mí. Kò wo ẹnikẹ́ni, ọ̀bẹ ló ń wò. Ẹ má dì í mú o, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ohun yòówù kó fi ṣe, ọwọ́ rẹ̀ mọ́.