Káúbọ́ì Tí Kò Gun Ẹṣin Lọ

Nígbà tí orúnkún mi kò tíì máa dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, tí mo lè rìn láti Ọjà Ọba dé Fájuyì ní Adó níbí, kí n tún padà láì wá ibi jókòó… nígbà yẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, sinimá kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń kì bọ àpò. Tèmi, ṣé fóònù yẹn ń gbà á sílẹ̀? Ó dáa. Jẹ́ kó máa gbà á. Káyọ̀dé, jókòó dáadáa, torí ẹ̀yin méjèèjì lẹ fa ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe pariwo lánàá, nígbà tí a ti ìsìn dé? Sinimá káúbọ́ì tuntun tí ẹ wò nínú pálọ̀ mi níbí. Obìnrin ni ákítọ̀ rẹ̀. Mọ́tò ló ń wà, kò gun ẹṣin. Káyọ̀dé ní ìyẹn kì í ṣe káúbọ́ì, ó ní wọ́n kàn dé fìlà ńlá fún obìnrin náà ni. Tèmi ní káúbọ́ì ni, ó ní aṣálẹ̀ wà níbẹ̀, ìbọn wà níbẹ̀, kí ló tún kù? Ẹ jiyàn títí oúnjẹ fi tutù. Ẹ wá yíjú sí mi, ẹ ní kí màmá dájọ́. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé mi ò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Mo gbọ́. Iyàn yẹn dàgbà ju yín lọ. Iyàn yẹn ló gbé mi délé ọkọ.

Ẹ gbọ́. Ìgbémọ ni wọ́n bí mi sí, ẹ mọ ìyẹn. Ìrẹsì ni àwọn òbí mi ń gbìn. Nígbà tí mo jáde ìwé girama, mo wá sí Adó láti kọ́ṣẹ́ tíṣà, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé. Tíṣà lòun náà, òun ló sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tó bá wá di ọ̀sán Sátidé… ó yá, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Gbọ̀ngàn kan wà nítòsí Fájuyì nígbà náà. Ẹ ò lè rí i mọ́, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ báyìí. Òrùlé páànù, bẹ́ńṣì gbọọrọ. Wọn á fi aṣọ dúdú dí gbogbo fèrèsé, ooru á mú wa bí ẹni wà nínú ààrò, kò sẹ́ni tó bìkítà. Sinimá Íńdíà wà. Sinimá àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń fò lórí ògiri wà. Ṣùgbọ́n káúbọ́ì… káúbọ́ì lọ́tọ̀ ni.

Ẹni rere inú sinimá, ákítọ̀ la ń pè é. Ọ̀gá àwọn ìkà, bọ́ọ̀sì nìyẹn. Òfin kan la sì mọ̀: ákítọ̀ kì í kú. Wọ́n lè yìnbọn fún un láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, apá ló máa bà. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, imú ni wọ́n fi ń sọ ọ́, kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé ló máa ń túmọ̀ fún gbogbo àwọn tó bá jókòó sí bẹ́ńṣì wa. Ó sì máa ń bù mọ́ ọn. Ákítọ̀ á sọ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, ẹ̀gbọ́n mi á sọ ọ́ di ìwàásù. Mo bi í lọ́jọ́ kan, mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé gbogbo ìyẹn ni ọkùnrin yìí sọ?” Ó ní, “Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn.”

Ibẹ̀ ni mo ti mọ bàbá yín àgbà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó wá ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ní Adó níbí, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi sì ni. Àjàní ni gbogbo wa ń pè é. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi ń rẹ́rìn-ín. Ó máa ń fi èdè Èkìtì mi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ní mo ń lọ sí ulé, á ní, “Ulé? Ta ló fi ‘u’ síbẹ̀?” Èmi á ní, “Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ lẹ yọ ọ́.”

Tí sinimá bá parí, a máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé, a ó máa jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà. Ibẹ̀ ni iyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ló ń jẹ́ sinimá káúbọ́ì gan-an?

Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé ní ìbọn ni. Ó ní, “Ẹ mú ìbọn kúrò, kí ló kù? Àwọn ọkùnrin tí wọn ò wẹ̀.”

Àjàní ní irọ́ ni, ẹṣin ni. Ó ní, “Ọlọ́pàá ní ìbọn. Bàbá ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ìwé yín ní ìbọn. Ṣé òun náà ti di káúbọ́ì?”

Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé ní àwọn darandaran tó ń da màlúù kọjá lọ́nà Ìgbémọ ńkọ́? Ṣé àwọn náà kọ́ ni? Àjàní ní, “Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Fún wọn lẹ́ṣin ná, kó o tún wá bi mí.”

Èmi náà sọ tèmi. Ọmọbìnrin ni mí, mo kéré sí wọn, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò kéré. Mo ní kì í ṣe ìbọn, kì í ṣe ẹṣin. Mo ní lílọ ni. Àlejò wọ ìlú, ó bá ìlú tún nǹkan ṣe, ó lọ. Mo ní tó bá ti dúró, kì í ṣe káúbọ́ì mọ́, ó ti di onílé, kó máa san owó orí. Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé rẹ́rìn-ín títí. Àjàní ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀.

Ṣé mo mọ̀ nígbà náà? Mi ò mọ̀. Àṣé bàbá rẹ̀ ti ránṣẹ́ sí i láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ara bàbá náà ò yá, ó ní kí ọmọ òun máa bọ̀ wá gba ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá mi náà tún wà níbẹ̀ tirẹ̀. Ó máa ń gbé ìrẹsì wá sí Ọjà Ọba láti Ìgbémọ, ẹnu ọjà ló sì ti gbọ́ pé ọmọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ń bá mi rìn. Ó pè mí sẹ́yìn àpò ìrẹsì. Ó ní, “Mojí, àlejò ni ọmọkùnrin yẹn. Ọjọ́ tó bá dẹrù, ojú ọ̀nà lo máa dúró sí tí wàá máa wò ó lọ.” Ohun tí èmi fúnra mi ti fi ẹnu mi sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn.

Ó di àárọ̀ Sátidé kan. Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé ń dán bàtà, ó ní, “Àjàní ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní kí n má sọ fún ẹ.”

Mo ní, “Kí ló wá dé tí ẹ sọ?”

Ó ní, “Torí ó ní kí n má sọ.”

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé káúbọ́ì tuntun dé. Gbogbo ìlú ti ń retí rẹ̀. Mi ò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n mo lọ. Èmi lápá ọ̀tún, Àjàní lápá òsì, ẹ̀gbọ́n mi láàárín bíi géètì.

Ẹ wá wo sinimá. Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tí ẹṣin ákítọ̀ fi kú sọ́nà. Ó gbé gàárì lé èjìká, ó fẹsẹ̀ rìn wọ ìlú. Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé fi ìgúnpá gún Àjàní, ó ní, “Ẹṣin rẹ dà?” Kò mọ ohun tó ń bọ̀. Omi ti tán nínú ìlú náà. Ákítọ̀ yọ ìbọn, gbogbo wa mí kanlẹ̀… ó fà á lé opó kan lọ́wọ́ pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀, ó gba ṣọ́bìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga. Ó ń gbẹ́ kànga. Ẹ̀gbọ́n mi ò túmọ̀ mọ́. A ní, “Tíṣà, kí ló wí?” Ó ní, “Kò sọ nǹkan gidi.”

Bọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Òùngbẹ ti gbẹ wọ́n pa. Wọ́n mu omi kànga náà, wọ́n jókòó sábẹ́ ìbòòji, kò sí ẹni tó fẹ́ jà mọ́. Bọ́ọ̀sì nìkan ló padà lọ. Ìlú wá mú ẹṣin tuntun wá fún ákítọ̀. Gbogbo wọn tò sí ojú ọ̀nà láti sìn ín. Àjàní nà tàntàn lórí bẹ́ńṣì bí ẹni tó jàre iyàn. Ákítọ̀ fọwọ́ pa ẹṣin náà lórí, ó fà á lọ sẹ́yìn ilé, ó so ó mọ́lẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi kọ́ ara ògiri, ó wọlé tọ opó. Aṣọ sinimá funfun báláú.

Ẹ ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde. A rò pé wọ́n gé ìparí rẹ̀ ni. Àwọn èèyàn ń lu bẹ́ńṣì, wọ́n ní kí wọ́n gbé èyí tó kù jáde. Ọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ jáde síta pẹ̀lú òógùn, ó ní, “Mo fi Ọlọ́run búra, ó ti parí.” Ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn, “Ákítọ̀ ò lọ, báwo ló ṣe parí?”

A dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé ní, “Sinimá ìfẹ́ ni. Wọ́n fi aṣọ káúbọ́ì tàn wá ni.”

Mo ní, “Ó ti ń lọ dáadáa. Ìgbà tó fi fìlà kọ́ ló bà á jẹ́. Káúbọ́ì a máa lọ. Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn, wọn a máa lọ.” Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó wo Àjàní, ó ní òun fẹ́ lọ wo omi lórí iná. A ò tíì dáná nílé wa rárá.

Àjàní ní, “Káúbọ́ì ni. Kò tíì sí èyí tó jẹ́ káúbọ́ì tó o. Àwọn tó kù ń lọ torí wọn ò mọ nǹkan mìíràn ṣe. Eléyìí, ẹṣin wà níwájú rẹ̀, ọ̀nà ṣí sílẹ̀, kò sẹ́ni tó dì í lọ́wọ́ mú. Ó rí ọ̀nà, ó yan ilé.” Ó yíjú sí mi. Ó ní, “Ó yan ulé.”

Mo ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Bọ̀dé ti sọ.”

“Wọ́n ti sọ.”

Ó ní, “Mo mọ̀ pé ó máa sọ. Ìdí tí mo fi ní kó má sọ nìyẹn. Mojí, mo gbọ́dọ̀ lọ wo bàbá mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá padà wá jókòó ńkọ́?”

Mo ní, “Ẹ lọ ná.” Kì í ṣe pé mi ò ní èsì. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ó lọ. Ẹ̀yin báyìí, tí èèyàn ò bá dáhùn yín lórí fóònù kí ẹ tó jẹun tán, ẹ ti ń bínú. Ta ló ní fóònù nígbà yẹn? Òjò dé, òjò lọ. Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé ní kí a lọ wo sinimá, mo ní orí ń fọ́ mi. Nígbà tí a gba ọlidé, mo lọ sí Ìgbémọ, mò ń bá ìyá mi sá ìrẹsì. Mi ò dárúkọ rẹ̀, ìyá mi náà ò dárúkọ rẹ̀. Àánú mi ń ṣe é, mo mọ̀, ó ń fi ẹran kún ọbẹ̀ mi.

A wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a rí ẹnì kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ lójú ọ̀nà. Táyà ẹ̀yìn ti jò. Ẹni tó ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́ o. Ìyá mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Àjàní dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

Ìyá mi ní, “Ṣé o wá dágbére fún wa ni?”

Ó ní, “Rárá, Màmá. Ara bàbá mi ti yá. Àbúrò mi ló gba ṣọ́ọ̀bù. Mo wá béèrè ibi tí mo lè jókòó sí.”

Ìyá mi wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó gbé àtẹ ìrẹsì kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ mọ ìrẹsì Ìgbémọ ayé ọjọ́un, òkúta inú rẹ̀ ò kéré. Ó ní, “Jókòó síbẹ̀. Máa ṣa á.” Ó sì ṣa á títí oòrùn fi rọ̀. Mo jókòó tì í, a jọ ń ṣa á. Nígbà tí ìyá mi wọlé ni mo tó sọ èsì tí mo fi pa mọ́. Ohun tí mo sọ, ẹ má bi mí. Tèmi, má rẹ́rìn-ín.

Ó jókòó lóòótọ́. Adó níbí ló ti bímọ, Adó níbí ló sùn sí. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi ò sì fohùn ṣọ̀kan lórí sinimá yẹn títí.

Ẹ wá ní kí n dájọ́ lórí èyí tí ẹ wò lánàá. Mi ò dájọ́. Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ní ilé yìí lónìí, èèyàn mẹ́rin lè máa wo sinimá mẹ́rin, kálukú ti nǹkan bọ etí. Tó bá parí, ta lo fẹ́ bá jiyàn?

Lẹ́yìn tí bàbá yín àgbà kú, Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé ń wá síbí lọ́sàn-án Sátidé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, a jọ máa ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ kan ó kàn dédé ní, “Mojí, mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn. Ó jọ pé Àjàní ló jàre.” Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Tí ẹ bá gbà fún un, kí ni èmi àti ẹ̀yin á tún máa rí sọ?” Ó ronú sí i. Ó ní, “Òótọ́ ni. Ìbọn ni.” Ara mi balẹ̀, mo dìde, mo lọ gbé oúnjẹ wá fún un.

Òun náà ti lọ báyìí. Hmm… Ẹ máa jiyàn yín. Ẹ má tètè gbà fún ara yín. Ẹni tó ń bá ọ jiyàn, ó ṣì jókòó tì ọ́ nìyẹn. Tèmi, pa fóònù yẹn, ó tó.