Ibà Kọ́ Ló Pa Àpọ́nlé

Sírájúdéènì, gbé omi rẹ kúrò níwájú mi, mi ò mu! Jókòó. Mo ní jókòó! Iyana Iyesi ni mo ti ń bọ̀, níbi tí mo ti pàdé Adébùkọ́lá, ìyàwó rẹ àtijọ́. Ó béèrè Bàrákàt ọmọ-ọmọ mi, mo ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ, ni obìnrin náà bá bú sẹ́kún létí títì. Ó ní ohun tó pa Àpọ́nlé ọmọ yín nìyẹn. Ọdún mẹ́tàlélógún, Sírájù, ibà lo pè é fún mi!

Kí lo ń wolẹ̀ sí? Wò mí lójú.

O mọ̀ pé èmi ni mo ń kọ ìbí àti ikú ilé wa sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jáde ìwé mẹ́wàá. Ìwé náà ni mo gbé lọ sí ọsibítù. Dókítà ní àrùn yìí lè máa rìn nínú ìdílé, ṣé ọmọ kankan ti kú nílé wa tí egbò rẹ̀ kì í jinná? Mo ṣí ìwé, mo gbórí sókè, mo ní rárá o, ilé wa mọ́! Ṣùbùhánáláhì! Èmi Rùkáyátù, o sọ mí di òpùrọ́ níwájú ọmọ tí mo lè bí.

Ṣé o mọ ohun tó ń ṣe Bàrákàt? Mùdùnmúdùn inú egungun rẹ̀ ló bàjẹ́. Àwọn okùn tíntín tó ń gbé àbùdá èèyàn, tó yẹ kó wà ní méjì méjì, ọ̀kan ti sọnù níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó bá àrùn jà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tilẹ̀ pọ̀, àmọ́ kò lè jà. Àfi bí gádì iléeṣẹ́ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù jókòó sí géètì, tí olè ń kọjá lójú ẹ̀. Eéwo kékeré lásán, oṣù méjì, kò tíì san!

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ fa mùdùnmúdùn Nùrẹ́nì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un. Torí mo ní ilé wa mọ́! Bí irú rẹ̀ bá fara pamọ́ sára Nùrẹ́nì ńkọ́? Àrùn la máa fi wo àrùn?

Kí lo wí? Torí Bíọ́lá ọmọ rẹ? Kí ọkọ má baà sá fún un? Bíọ́lá ti bímọ mẹ́ta, ta lo tún ń fi pamọ́ fún? Mo sunkún Àpọ́nlé pẹ̀lú rẹ, o di ọwọ́ mi mú, o sì ń parọ́ fún mi. Ọmọ ìyá mi!

Má dọ̀bálẹ̀. Wọ̀láhì, mi ò wá gba ẹ̀bẹ̀. Adébùkọ́lá ní ìwé tí dókítà Ìbàdàn kọ nípa àrùn Àpọ́nlé wà nínú àpótí rẹ. Lọ gbé e wá. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹnu ìwọ fúnra rẹ lo máa fi sọ fún dókítà.

Àmọ́ kọ́kọ́ gba bírò yìí. Ojú ewé Àpọ́nlé nìyí. Fa igi lé ibà yẹn, ọwọ́ tèmi kò ní bá ọ fà á. Kọ ohun tó pa ọmọ rẹ síbẹ̀. Kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹni tó bá máa gbé ìwé yìí lọ sí ọsibítù lẹ́yìn mi má baà purọ́.