Ọba Méjì Tí Mo Fi Pamọ́

Ẹ má dá mi lóhùn o, ẹ̀gbọ́n! Ẹ má dá mi lóhùn rárá! Ẹ máa po sìmẹ́ǹtì yín lọ bí ẹ ti ń pò ó láti àárọ̀, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ tẹnu mi, torí bí mi ò bá sọ ọ́, àyà mi á bẹ́. Ṣé ohun tí ẹ ṣe fún mi yẹn dáa? Àgbà bíi tiyín!

Oṣù méjì la ti jọ ń ta póka lórí pákó yìí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìṣó la fi ń ta á, eré lásán. Ẹ bá mi sọ òtítọ́, ìgbà wo lẹ fi kún ìṣó ẹnikẹ́ni rí? Ẹni bá ju ìṣó kan sílẹ̀, "mo tẹ̀lé e." Ẹni bá ju márùn-ún, "mo tẹ̀lé e." Bí káàdì yín ò bá dáa, ẹ ó rọra dà á dojú dé ilẹ̀, ẹ ó jáde nínú eré. Ṣebí ìyẹn làwọn ọmọ onípáìpù ṣe sọ yín ní Bàbá Mo-tẹ̀lé-e?

Fóòmán wá fọwọ́ sí ìwé àyè lánàá, ó ní ẹnì kan péré ló lè gbàyè ọjọ́ Ẹtì, ká fi káàdì mọ ẹni náà. Gbogbo àwọn yòókù jáde nínú eré, ó ku èmi àti ẹ̀yin. Ẹ sì mọ ohun tí ọjọ́ Ẹtì jẹ́ fún mi! Wọ́n fẹ́ dé fìlà nọ́ọ̀sì lé àkọ́bí mi lórí. Ọmọ èmi tí mo fi iléèwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin! Ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ ó wá?" Mo ní mo ti wá tán.

Káàdì ọba méjì bọ́ sí mi lọ́wọ́, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju gbogbo káàdì lọ. Ọba méjì, ẹ̀gbọ́n! Ẹni tí kì í ṣe ju títẹ̀lé lọ ló jókòó síwájú mi, kí ló yẹ kí n ṣe? Kí n ju ogún ìṣó sílẹ̀, kí ẹ sá jáde! Ọgbọ́n àgbọ́njù ò jẹ́. Mo ní kí n fi wọ́n pamọ́. Mo ju ìṣó kan ṣoṣo, ẹ tẹ̀lé e. Wọ́n ṣí káàdì àjọlò mẹ́ta sílẹ̀, mo kan pákó pé mi ò fi ìṣó kún un, ẹ̀yin náà kan pákó. Wọ́n ṣí ìkẹrin, mo ju márùn-ún. Ẹ̀yin wá kó gbogbo ìṣó yín, ẹ tì í síwájú!

Ká ní mo ju ogún níbẹ̀rẹ̀ ńkọ́, ẹ ò bá ti sá? Ẹ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni? Yéè! Oní-mẹ́rin méjì kékeré yẹn, ẹ ò bá ti dà á nù! Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún yín, tí oní-mẹ́rin kẹta fi bá yín nílé, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta borí ọba méjì mi.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí. Mo rẹ́rìn-ín. Lójú àwọn ọmọdé, mo rẹ́rìn-ín sí yín, mo ní, "Ta ló la ẹnu Bàbá Mo-tẹ̀lé-e lónìí?" Mo sì kó gbogbo ìṣó tèmi tẹ̀lé e.

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀! Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni fóòmán fi èmi náà ṣẹ̀sín lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí mi ò tíì máa sọ̀rọ̀, tí mo ní pákó òkè tí à ń dúró lé ti là? "Ẹ wá gbọ́, òkúta sọ̀rọ̀!" Kó tó di ọ̀sán, pákó kán, èjìká mi ló gbà á. Ta ló gbé mi sọ̀kalẹ̀? Ẹ̀yin náà ni. Bí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ bá la ẹnu, kéèyàn dúró gbọ́: egungun èjìká mi mọ̀ ọ́n, orí mi ni ò mọ̀ ọ́n. Ojú tì mí, ẹ̀gbọ́n. Ká ní ilẹ̀ lanu lánàá, ǹ bá wọ inú rẹ̀.

Mi ò sì tíì pe ọmọ yẹn. Kí ni n ó wí? Pé mo gbọ́n ju ara mi lọ?

Kí lẹ ń fà yọ lápò? Ìwé fóòmán? Ẹ dá a padà! Mo ní ẹ dá a padà, ẹ̀ ń jẹ́ kójú tì mí sí i ni. Ẹ ta eré, ẹ jẹ ẹ́, tiyín ni! Ẹ kúkú lè fi ọjọ́ náà sùn.

Kí lẹ wí? "Lọ"?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti àárọ̀! Ẹ tún ti ìwé náà síwájú. Ẹ jẹ́ n wo ojú yín ná. Hẹn-ẹn. Ojú tí ẹ fi ti ìṣó yẹn náà nìyí.

Háà! Háà háà! Ó tó. Mi ò tún ní rẹ́rìn-ín kí n kó gbogbo rẹ̀ tẹ̀lé e. Mo da tèmi dojú dé ilẹ̀, ẹ mú ìwé náà wá. Àmọ́ ẹ gbé ṣọ́bìrì yẹn fún mi, ẹ lọ jókòó síbòòji, èmi ni n ó máa po sìmẹ́ǹtì yín títí ọjọ́ Ẹtì. Ẹ má sì la ẹnu yẹn mọ́ o, mo bẹ̀ yín, kò sí káàdì kankan lọ́wọ́ mi mọ́!