Jẹ́ Kí Iná Dé

Mi ò mọ orúkọ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé wọn: màmá tó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ fún wa l'Ájégúnlẹ̀, àti awakọ̀ tírélà kan tó jókòó de ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Èédú ilẹ̀ tí o gbé láti Kogí yẹn, ibo ló ń lọ?"

"Òkè òkun ni, Màmá. Wọ́n á fi ṣe iná mànàmáná lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìjọba fẹ́ kó dúró sílé, ká fi ṣe iná tiwa. Inú mi dùn gan-an."

"Ìwọ tó ń gbé e wá sí Àpápá? Kí lo máa wá jẹ?"

"Màá wá ẹrù mìíràn gbé. Kí n ṣáà wọ àdúgbò yìí, kí n bá iná nílé gbogbo èèyàn."

Màmá gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

"Tí iná bá dúró, kálukú á máa lọ aṣọ rẹ̀ nílé nìyẹn."

Ojú ti awakọ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò rò ó débẹ̀."

Màmá fẹ́ eérú kúrò, ó fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọ́dọ̀.

"Bínú kẹ̀? Jẹ́ kó dé. Tó bá dé, àwa méjèèjì á jọ wáṣẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀."