Ojú Màríà Tí Mo Kùn Tí N Kò Tíì Parí

Alága ìjókòó ìfẹ̀yìntì mi yìí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbààgbà tí ẹ wà lápá ọ̀tún mi, mo kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwọ̀n tí orúnkún gbà mí láàyè mọ. Ọ̀gá wa tó ni ilé iṣẹ́ ère yìí, àlùfáà ìjọ ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, ẹ̀yin alàgbà ìjọ àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ tí ẹ kò fẹ́ jókòó pọ̀, mo rí gbogbo yín. Ẹ̀yin tí a jọ ń fi àkísà kan nu ọ̀dà lọ́wọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, àbúrò mi tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọmọ ọmọ mi tó wà lábẹ́ fáànù, tí wọn kò wo ojú ara wọn láti àárọ̀: ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín kú ìjókòó.

Ẹ má jẹ́ kí ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí bà yín lẹ́rù. Kò gùn. Lẹ́tà rẹ̀ ló tóbi, nítorí ojú mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Tíṣà wa ní kíláàsì àgbà wà níbí. Kò dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ, síbẹ̀ bí mo bá gbàgbé àmì orí ọ̀rọ̀, á ní, “Màmá, ṣé ẹ ti tún dé?” Tíṣà, mo ti fi àmì sí gbogbo rẹ̀. Bí ó bá ku ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èrò tú ká kí ẹ tó sọ ọ́.

Nígbà tí mo wọ ilé iṣẹ́ yìí, búrọ́ọ̀ṣì ni mò ń fọ̀, ilẹ̀ ni mò ń gbá. Bàbá ọ̀gá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ló bá mi lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan tí mò ń fi ọ̀dà tó kù sídìí agolo ya ojú èèyàn sára ògiri. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí àwọn máa kọ́kọ́ yọ kúrò lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe di ẹni tó ń kun ojú nìyẹn. Bàbá Jẹ́jẹ́ ló ń gbẹ́ igi, Ìyá Ìbejì ló ń kun aṣọ, èmi ni mò ń kun ojú. Ẹ wo Bàbá Jẹ́jẹ́ níbẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá ní kó gbẹ́ ọmọ jòjòló fún yín, ọmọ náà á ti tó ṣègbéyàwó kó tó parí imú rẹ̀. Ṣùgbọ́n imú tó bá gbẹ́ kì í wọ́. Ìyá Ìbejì ní tirẹ̀, bó bá kun ìṣẹ́po aṣọ sára igi, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbé ayọ̀n wá kí n lọ̀ ọ́. Irú àwọn èèyàn báyìí ni mo bá ṣiṣẹ́. Ẹni tí mo bá ti jágbe mọ́ nínú yín nítorí pé ó gbé agolo mi kúrò láyè rẹ̀, kó foríjì mí. Mo mọ ariwo ara mi. Dókítà ojú ló ní kí n jáwọ́ nínú iṣẹ́, kí ojú tó kù má baà jáwọ́ lára mi.

Ẹ̀yin àlejò, ẹ jẹ́ kí n sọ òfin ilé yìí fún yín, nítorí òun ló kó mi sí wàhálà. Ojú là ń kùn kẹ́yìn. Ẹni tó bá sì fi búrọ́ọ̀ṣì kan ojú ère, òun náà ni yóò parí rẹ̀. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láéláé. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Òfin kejì kò sí lẹ́nu, ara ògiri ló wà. Àwòrán Ìyá Olúwa àti ọmọ rẹ̀ ni, nínú férémù onígi, tí bàbá ọ̀gá wa gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, lókè tábìlì mi. Àwọ̀ tó bá wà lójú àwòrán yẹn ni mò ń pò nínú agolo. Gbogbo Màríà tó ti ilé yìí jáde, àwọ̀ yẹn ló gbé lọ: ó funfun, ó pọ́n díẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. N kò béèrè ìdí rẹ̀ rí. Ta ni n bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìgbà tó yá, ikán jẹ ère Màríà tó wà ní ìjọ ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fura, wọ́n ti dé àyà. Ìjọ ní ká gbẹ́ òmíràn. Bàbá Jẹ́jẹ́ gbẹ́ ẹ, Ìyá Ìbejì kun aṣọ, mo fa ọ̀dà ìpìlẹ̀ sójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìjà dé. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí ojú rẹ̀ jọ tiwa. Àwọn alàgbà ní kó rí bó ṣe wà. Àlùfáà, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ní ohunkóhun tí Màmá bá ṣe, ìjọ á gbà á. Mo mọ̀ ọ́n: bí ẹrù bá wúwo tán, orí arúgbó là ń wò.

Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo béèrè, ìbéèrè náà ló ṣì mí lọ́nà. Mo ní kí n wo Ìwé Mímọ́ fúnra mi, ṣebí mo ti mọ̀ọ́kà. Mo fi ìka tọ́ ọ lẹ́tà-lẹ́tà. Ìwé náà sọ gígùn ọkọ̀ Nóà, ó sọ fífẹ̀ rẹ̀, ó sọ irú igi tí wọ́n fi kàn án. Kò sọ àwọ̀ ojú Màríà. Mo ní bóyá mo fo ojú ìwé kan, mo tún un kà. Mo bi tíṣà. Ó ní ará ìlà oòrùn ni Màríà àti àwọn èèyàn rẹ̀, wọn kò funfun tó èyí tí mò ń kùn, wọn kò sì dú tó èmi. Mo bi alàgbà kan. Ó ní ẹ̀mí kò ní àwọ̀. Mo ní, “Alàgbà, òótọ́ ni pé ẹ̀mí kò ní àwọ̀, ṣùgbọ́n igi ni mo fẹ́ kùn.”

Ibi tí mo wà nìyẹn nígbà tí ọ̀gá wa ní ká kun ògiri ilé iṣẹ́ nítorí ìpàdé òní. Wọ́n gbé àwòrán náà sọ̀kalẹ̀. Férémù rẹ̀ ti jẹrà, ó tú sọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Orí ìka ọwọ́ Màríà àti àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ti wà lábẹ́ igi férémù yẹn látọjọ́ tí wọ́n ti kàn án, ibi tí igi bò kò sì ṣá. Ọwọ́ kan ṣoṣo, àwọ̀ méjì. Láti ọrùn ọwọ́ dé àárín ìka, funfun. Orí ìka, ó rí bí awọ bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo pa. Oòrùn ojú fèrèsé ló ti ń fọ àwòrán náà díẹ̀díẹ̀, tí èmi náà sì ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, tí n kò fura. Bàbá Jẹ́jẹ́ ló fọhùn. Ó ní, “Oòrùn la ti ń fi kun Màríà látìgbà yìí.”

Ṣé ẹ rò pé ìyẹn parí ọ̀rọ̀? Àwọn ọ̀dọ́ yọ̀, wọ́n ní ṣebí àwọn ti wí. Mo gbé apá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, kò jọ ọ́. Ọmọ ọmọ mi gbé tirẹ̀ sí i, kò jọ ọ́. Àwọn alàgbà ní ta ló sọ fún wa pé ẹni tó ya àwòrán yẹn rí Màríà? Òótọ́ ni. Òun náà á ti wo àwòrán kan, ẹni tó ya ìyẹn á ti wo òmíràn. Ká máa padà sẹ́yìn, ká máa padà sẹ́yìn. Níbo la ó ti bá ẹni tó rí i?

Mo lè fara da ìjà ìjọ. Èyí tó wọ ilé mi ni n kò lè gbé. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi yìí wà lórí ibùsùn ọsibítù, ẹsẹ̀ ère àtijọ́ yẹn ni àbúrò mi ń kúnlẹ̀ sí lójoojúmọ́. Ọmọ náà yè. Ó jókòó síbí. Àbúrò mi wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá yí ojú rẹ̀ padà, ta ni n ó máa bá sọ̀rọ̀?” Ọmọ ọmọ mi, ẹni tó kàwé jù nínú ìdílé wa, tó jẹ́ olórí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, ẹ jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀, òun náà wá. Ó ní, “Ìyá àgbà, láti kékeré ni mo ti ń kọrin fún un. Ṣé ẹ rò pé ó ti rí ẹni tó jọ ọ́ tó ń kọrin fún un rí?” Láti ìgbà yẹn, àwọn méjèèjì kò kí ara wọn mọ́. Bí ọ̀kan bá wọlé mi, èkejì á rántí pé òun gbé nǹkan kaná.

Èwo ni n bá ṣe? Bí mo bá kùn ún funfun, mo ti ti ọmọ ọmọ mi síta ilé Ọlọ́run. Bí mo bá kùn ún dúdú, mo ti gba ẹni tí àbúrò mi ń bá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òfin ilé kò jẹ́ kí ẹlòmíràn parí rẹ̀. Ìyá Olúwa á dúró láìlójú títí ikán á fi tún dé.

Lọ́sàn-án àná, mo ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì sí ilé iṣẹ́, mo ní kí wọ́n dúró tì mí kí n po ọ̀dà. Mo bi wọ́n pé báwo ni ẹyinjú ère àtijọ́ ṣe rí. Àbúrò mi ní ó dúdú, ó sì máa ń wo òun tààrà. Ọmọ ọmọ mi ní rárá o, búlúù ni, ìdí rèé tí ara òun kì í fi í balẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín wọn. Mo ní èmi tí mo fọwọ́ ara mi kùn ún kò lè gbàgbé, ẹyinjú rẹ̀ rí bí oyin. Ariwo ta. Bàbá Jẹ́jẹ́ dìde, bó ṣe máa ń dìde yẹn, ó wọ ẹ̀yìn ilé, ó gbé orí ère tí ikán jẹ kù wá, ó gbé e ka orí tábìlì. Ìpéǹpéjú rẹ̀ bò sílẹ̀. Ọmọ tó gbé dání kí ikán tó dé ló ń wò. Kò sí ẹyinjú kankan níbẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa rí.

Àbúrò mi jókòó sórí àga mi. Ó ní, “Kí ni mo wá ń rí?”

Mo bá ń po ọ̀dà, mò ń wo ojú àwọn méjèèjì. Bí mo bá bu funfun sí i, ọmọ ọmọ mi á fajú ro. Bí mo bá bu dúdú sí i, àbúrò mi á mí kanlẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí kò sí ẹni tó bínú, tí kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, mo dúró níbẹ̀, mo kùn ún. Ṣé àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn? N kò mọ̀. Mo sùn, mo jí, n kò mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló dá mi lójú. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ọ̀gá wa, àárín agolo ọ̀dà mi lẹ ti kọ́ ìrìn, torí náà ẹ gbọ́ tèmi: ẹ fagi lé òfin yẹn. Ojú tí mo kùn yìí, mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni, n kò parí rẹ̀. Ìyá Ìbejì, gba búrọ́ọ̀ṣì mi. Bí ìmọ̀ tó ju tèmi lọ bá dé, fi kàn án lójú, má bẹ̀rù mi, àní bí mo bá ti wà nínú ilẹ̀. Má sì fi tèmi ṣe àwòkọ fún òmíràn.

Ọlọ́run tó dá gbogbo àwọ̀ kò ní jẹ́ kí àwọ̀ tú wa ká. Ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n kó tó tó àkókò. Igi tí ẹ bá gbẹ́ kò ní là mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ó rí ọmọ ọmọ tí yóò máa bá yín jiyàn, ẹ ó sì rí ojú fi wò wọ́n bí wọ́n ti ń jiyàn náà.

Ère náà ló wà lábẹ́ aṣọ lẹ́yìn mi yìí. Igi ni, ó wúwo, ẹnì kan kò lè dá a gbé dé inú ọkọ̀. Àbúrò mi, dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wá di apá ọ̀tún mú. Ọmọ ọmọ mi, wá di apá òsì. Ẹ má tíì ṣí aṣọ. Ẹ kọ́kọ́ gbé e ná.

Ẹ ṣé o, gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó.