Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá Asa Pruitt

Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Haskell. Ẹ̀yin àgbà awakọ̀ ojú irin. Ẹ̀yin tí ẹ da èédú síná títí irun yín fi funfun. Ẹ̀yin opó wọn, mo kí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ṣì gbà kí n pè yín bẹ́ẹ̀.

Ọ̀la ni Rélùwéè Wendover yóò di ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Ọ̀la náà ni èmi àlejò tí ẹ ń pè ní Akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ. Nígbà òtútù tí mo kọ́kọ́ dé, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ àfi Ìyá Pruitt. Yóò gbé páì ápù síwájú mi, yóò ní, "Jẹun jàre, ta ló ń tijú oúnjẹ?"

Báwo ni mo ṣe dúpẹ́ oore yẹn? Nígbà tí ẹ ní kí n kọ ìtàn ilé-iṣẹ́ yín, mo kọ ọ́ pé Asa ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ awakọ̀, ló fa ìkọlù ọkọ̀ méjì lórí ojú irin kan ṣoṣo lọ́dún 1879, èyí tó pa òun fúnra rẹ̀. Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ló yẹ kó gbéra. Ìwé ìròyìn ní aago ṣọ́ọ̀ṣì wà ní mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré nígbà tó gbéra. Mo ní kò ní sùúrù. Nítorí ìlà mẹ́ta yẹn, orúkọ rẹ̀ kò sí lára pátákó ìrántí àwọn òkú yín tó wà lẹ́yìn mi yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ka ojú ewé náà sí Bàbá Crandall, àgbà awakọ̀, létí. Wọ́n pòṣé. "Akẹ́kọ̀ọ́, aago ta lo wò? Aago New York ni rélùwéè ń lò nígbà yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ń tẹ̀ lé oòrùn! Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni aago ṣọ́ọ̀ṣì fi ń kẹ́yìn tiwa. Ọmọdé ìlú yìí mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ṣé o bi wá ni?"

N kò bi yín. Ojú ń tì mí láti kan ilẹ̀kùn yín, ni mo bá jókòó ti ìwé. Ìtìjú tòní ju ìyẹn lọ.

Asa gbéra lásìkò. Ọkọ̀ kejì, tó yẹ kó yà fún un, ni kò dúró.

Ìyá Pruitt, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, n kò ní kí ẹ wo ojú mi. Alága, mo ti fa ìlà mẹ́ta náà yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ kí ọkọ̀ ìkẹyìn tó gbéra lọ́la. Bí kò bá sáyè, orúkọ èmi òǹkọ̀tàn wà nísàlẹ̀ pátákó. Ẹ ha á kúrò; àyè yẹn á gba Asa.

Kí Ọlọ́run mú gbogbo yín délé láyọ̀. Kó má jẹ́ kí àlejò tún ba òkú yín lórúkọ jẹ́. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.